Ibi Tí Ilẹ̀ Ti Mọ́ Bá Valer

Runcu Alb,
ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, 1999

Leontina ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Igi púlọ́ọ̀mù so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ya, mo ti kó èso rẹ̀ sínú àgbá kí ó kan, kí a lè rí ọtí pọn. Wọ́n ní kí n máa wá fi tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní rárá o. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo Runcu á ti mọ èsì rẹ kí n tó délé. Ilarion tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù lọ sí Ítálì ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyí. Nígbà tí o wá sin Valer àbúrò rẹ ní oṣù kẹwàá èṣí, o mú kámẹ́rà rẹ̀ lọ. O rò pé mi ò rí ọ. Mo rí ọ bí o ṣe fi ṣálì wé e. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni kámẹ́rà náà wà nígbà tí wọ́n gbé e wálé, fíìmù sì wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà ló ti jáde, ó ní òun fẹ́ ya kùrukùru kí iṣẹ́ gígé igi tó bẹ̀rẹ̀. Toader ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn agégi yòókù sọ pé etí títì, lẹ́bàá afárá, ni àwọn ti bá òkú rẹ̀, pé igi ló wó lù ú. Ibẹ̀ ni àlùfáà ri àgbélébùú mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, torí ẹkún ò jẹ́ kí n ríran.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, Tina. Ewé igi fag ló kún inú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ewé pupa bíi bàbà. Lẹ́bàá afárá, igi brad nìkan ló wà níbẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́. Ewé fag ò sì ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn.

Wọ́n gbé e kúrò níbi tó kú sí. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mi kú láìsí àbẹ́là lọ́wọ́, ìwọ náà sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàrin wa. Ẹni tó bá lọ láìsí iná, inú òkùnkùn ni yóò máa rìn lọ́hùn-ún, àfi bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá lọ tan iná fún un níbi tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ gan-an. Ó ń wá sójú oorun mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń dúró sí, kì í wọlé. Ó ní, "Màámi, mi ò rí ilẹ̀kùn."

Ọdún rẹ̀ ń bọ̀ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n fọ fíìmù náà, kí o fi fọ́tò tó yà kẹ́yìn ránṣẹ́. Mo fẹ́ wá ibi tó ti yà á kí ewé tó wọ́ tán. Bí igbó bá ti wà níhòòhò, gbogbo ibẹ̀ á jọra.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn wà nínú àpò náà. Wọ̀ ọ́ o, má kó o pamọ́.

Ìyá rẹ,
Rafila

*

Udine,
ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1999

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú orúnkún. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ìyá Ines tí mo ń tọ́jú rí i, ó ní òun náà fẹ́, nítorí náà ẹ ti rí iṣẹ́ ṣe ní ìgbà òtútù.

Màámi, láti ìgbà òtútù tó kọjá ni mo ti fọ fíìmù náà. Inú dúrọ́ọ̀ ni ó wà, lábẹ́ aṣọ. Mi ò lè wò ó. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín ni mo tó gbé e sórí ibùsùn. Kùrukùru ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń dúró de ìmọ́lẹ̀ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá igi ṣe ìdárò. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí oòrùn bá ti yọ orí jáde lẹ́yìn òkè, tí kùrukùru sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò, ìmọ́lẹ̀ á ya wọ àárín igi ní ìlà-ìlà. Kì í pẹ́ ju kí ènìyàn mu sìgá kan tán. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, igbó lásán ló kù.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi ránṣẹ́. Òkúta ńlá tó hu èéhù wà lápá òsì. Igi fag kan fara ti èkejì rẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ láti òkè. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Mo ti fi gíláàsì ìkàwé Ìyá Ines wò ó títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò yìí wọ igbó. Ẹ ti dàgbà. Béárì wà níbẹ̀, òkúta ń yọ̀, kùrukùru Runcu sì ti mú àgbẹ̀ tó gbójú ju yín lọ ṣìnà rí. Ẹ mú fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òkú sùn, Màámi. Kí ẹ sì wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ mi. Yàrá mi kéré, ṣùgbọ́n ó móoru.

Ọmọ yín,
Tina

*

Runcu Alb,
ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1999

Tina tó mọ ọ̀rọ̀ sọ,

Fọ́tò dé. Mo kí ọ, mo kí ìyá arúgbó rẹ. Sọ fún un pé kí ó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí òkú sùn, o ní. Òkú wo ló ń sùn? Ṣé èyí tó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi? Ìwọ tí o wà ní Ítálì lo ń sùn. Má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bínú díẹ̀, kò burú.

Láràárọ̀ tí kùrukùru bá ti wà ni mo ń lọ. Mo ti la igbó fag tó wà lókè odò já títí dé ibi tí igi brad ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá olú rí mi, wọ́n ní, "Rafila, irú olú wo ni èyí tó jẹ́ pé fọ́tò lo fi ń wá a?" Mo ní irú tó ń hù lórí ahọ́n òfófó ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá mi lọ nínú wọn.

Ìṣòro náà nìyí. Òkúta pọ̀ níbẹ̀, mo sì ti rí ọ̀kan tó jọ ti inú fọ́tò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ń rọ̀ sí òsì, kì í ṣe sí ọ̀tún. Mo dúró níbẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé igbó náà yí po. Mo pa ibẹ̀ tì. Bí mo bá sì tẹjú mọ́ fọ́tò, kí n tó gbójú sókè, ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, fi kámẹ́rà náà ránṣẹ́ padà, kí o sì kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi á ya gbogbo ibẹ̀, ìwọ á tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wàá fi ojú rẹ tó dára ju tèmi lọ wò wọ́n.

Mo pàdé Toader lójú ọ̀nà. Ìwọ náà rántí pé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ní kékeré ló ti ń jẹun nídìí tábìlì wa, tó sì ń pè mí ní Màámi. Láti ìgbà ìsìnkú, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé mi. Ó rí mi, ó rí fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó yà sínú pápá kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Ó dùn mí, Tina. Ọmọ kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, èkejì sì sá fún mi.

Má pe mí wá sí Ítálì mọ́. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un?

Ìyá rẹ,
Rafila

*

Udine,
ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, 1999

Màámi,

Mo kí yín o. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn, mo kà á ní kíṣìnnì, mo ní láti jókòó. Mo ti bínú bí ẹ ṣe ní kí n bínú, ó ti tán.

Kámẹ́rà rèé. Fíìmù tuntun ti wà nínú rẹ̀. Ohun tí Valer kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ yín yìí. Kùrukùru máa ń tan kámẹ́rà jẹ: ó funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀, á mú kí fọ́tò ṣú. Ẹ yí òrùka orí rẹ̀ dé ibi tí mo fi pólíìṣì èékánná pupa kùn, ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má dojú rẹ̀ kọ oòrùn gbangba. Ẹ jẹ́ kí ara igi kan bo oòrùn náà, ìtànṣán á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ẹ gbé e lé kùkùté tàbí òkúta, ẹ di èémí mú, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá sì délé, ẹ má gbé e sún mọ́ ààrò kíákíá, omi á bo dígí rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí.

Mo ṣe é torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin á lọ bí mo ṣe é, bí n kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣèlérí fún mi pé bí ọdún rẹ̀ bá kọjá tí ẹ kò rí ibẹ̀, ẹ ó fi igbó sílẹ̀. Ẹ kọ ìlérí náà, kí n rí i.

Tina

*

Runcu Alb,
ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, 1999

Ọmọ mi,

Kámẹ́rà dé láìfọ́. Mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sórí tábìlì níbi tí Valer máa ń gbé e sí, mi ò lè jẹ ẹ̀kọ àgbàdo mamaliga mi tán.

O ní kí n di èémí mú. Ẹni tó bá gun òkè yẹn ní ọjọ́ orí mi, èémí wo ló kù tí yóò dì mú? Ṣùgbọ́n mo ṣe bí o ti wí.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ. Kùrukùru ti gòkè láti odò, ó nípọn débi pé mi ò rí bàtà ara mi. Omi ń kán láti orí ewé, ìyẹn nìkan ni mo ń gbọ́. Mo gbé kámẹ́rà lé kùkùté kan ní etí àfonífojì, mo jókòó, mo ń dúró. Nígbà tó yá, òkè ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ wọlé, Tina. Ó ti òkè wá, ó ya gbogbo àárín igi sí ìlà-ìlà, gbogbo ewé fag náà ràn. Ọdún tí mo ti ń gbé lábẹ́ igbó yìí pọ̀, igi ìdáná ni mo máa ń wá lọ síbẹ̀, mi ò gbé orí sókè rí. Mo sunkún. Mo bínú sí ara mi pé mo máa ń sọ fún un pé kí ó wá iṣẹ́ gidi ṣe dípò kí ó máa ya afẹ́fẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, títí ó fi kọ̀ láti tẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé, ní òdìkejì àfonífojì. Kì í ṣe ẹranko. Ẹranko kì í dúró nígbà tí ènìyàn bá dúró. Mo ní, "Ta ló wà níbẹ̀?" Kò sí èsì. Mo sọ̀kalẹ̀ wálé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìwọ.

Fíìmù náà rèé. Fọ̀ ọ́ kíákíá. Ìlérí tí o ní kí n kọ, mi ò rí ìwé tó tóbi tó o.

Ìyá rẹ,
Rafila

*

Udine,
ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, 1999

Màámi,

Mi ò lè kí yín bó ṣe yẹ, ẹ foríjì mí.

Wọ́n ti fọ fọ́tò yín. Ó dára. Ọkùnrin sítúdíò náà bi mí pé ayàwòrán wo ni, mo ní ìyá mi ni, kò gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan nínú wọn, ní òdìkejì àfonífojì, láàárín kùrukùru, nǹkan kékeré kan ń tàn. Ó pupa rúsúrúsú. Kì í ṣe oòrùn, torí nísàlẹ̀ ló wà, nídìí igi. Mo ní bóyá fíìmù ló bàjẹ́. Ọkùnrin náà fi dígí rẹ̀ wò ó, ó ní fíìmù ò ní àbùkù. Ó ní, "Iná ni, madam. Ẹnì kan ló tan iná síbẹ̀."

Kò tán síbẹ̀. Mo mú négétíìfù Valer dání láti fi wé tiyín. Bí ọkùnrin náà ṣe gbé e sókè sí iná báyìí, ó wo fọ́tò tí wọ́n fọ̀ nígbà òtútù, ó ní, "Ta ló ṣe èyí? Ẹ̀yìn-sí-iwájú ni wọ́n fi fíìmù sí i." Òsì ló di ọ̀tún, Màámi. Òkúta náà, ọ̀tún ló wà. Ilẹ̀ náà, òsì ló ń rọ̀ sí. Ibi tí ẹ dúró sí tí ara yín bù máṣọ, tí ẹ ní wọ́n gbé igbó yí po, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n tún fọ̀ bó ṣe yẹ ni mo fi sínú àpòòwé yìí.

Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Òkúta kan náà ni. Igi kan náà ni, àyàfi pé nínú tiyín, èyí tó fara ti èkejì rẹ̀ ti wó sílẹ̀. Láti etí àfonífojì tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ibi tí ẹ ń wá ni ẹ yà láìmọ̀. Iná kékeré yẹn sì wà nídìí igi tó wó náà gan-an.

Ẹ má dá lọ. Mo bẹ̀ yín, mo kúnlẹ̀ fún yín lórí ilẹ̀ Ìyá Ines. Ẹ mú àlùfáà lọ. Mi ò mọ ẹni tó ń tan iná níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ènìyàn ni.

Tina

*

Udine,
ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1999

Màámi,

Ilarion dé láìsí lẹ́tà yín. Ó ní òun fi tèmi lé yín lọ́wọ́ ní Jímọ̀, ẹ sì kà á lójú òun lórí ìdúró. Ẹ kò fún un ní ọtí tuica pàápàá. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, nítorí ẹ̀yin kì í jẹ́ kí Ilarion lọ pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.

Mo pe ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin ibẹ̀ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn ni, wọ́n ní kùrukùru ò tíì ká nílẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, òun kò sì tíì rí yín. Ọdún Valer ti kọjá. Mo tan àbẹ́là kan ní ojú fèrèsé, Ìyá Ines wá jókòó tì mí.

Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ kàn kọ orúkọ yín.

Tina

*

Runcu Alb,
ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1999

Leontina, ọmọ mi, orí rẹ ò ní gbàbọ̀dè,

Mo wà láàyè. Jókòó kí o tó máa kà á lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé kà lórí ìdúró, èmi ti dán an wò.

Ní Sátidé, mi ò mú àlùfáà. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ Valer ló ń tan iná náà, kò ní fẹ́ rí àlùfáà, ìyá rẹ̀ ni yóò fẹ́ rí. Bí kì í bá sì í ṣe òun, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Mo mú ọ̀pá mi, mo mú kámẹ́rà, mo mú àbẹ́là tí a yà sí mímọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo gba òkè àfonífojì lọ sí ibi òkúta tí mo ti pa tì.

Mo rí iná náà láti ọ̀nà jíjìn. Ó kéré, kò mì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Valer sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo ní kí ó má sá, mo ní èmi ni mò ń bọ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé inú ìgò jáàmù ni àbẹ́là náà wà, ẹnì kan sì kúnlẹ̀ tì í, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Má sá, Toader. Orúnkún mi ò lè lé ẹ."

Kò dìde. Mo ní, "Kí lò ń ṣe níbí?"

"Sátidé ni, Màámi. Ọjọ́ àwọn òkú."

"Sátidé ni lóòótọ́. Ta ló sọ fún ẹ pé ibí ni?"

Ó wá ní, "Ibí ni mo ti bá a."

Mo jókòó lórí igi tó wó náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìwo ojú mi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n gé igi kan dé ìdajì, ó fara ti èkejì rẹ̀, ilẹ̀ ṣú, wọ́n fi í sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, Valer wá ya ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, igi náà sì wó lù ú. Toader wà lókè, kò jìnnà.

"Mo gbọ́ orúkọ mi, Màámi. 'Toader.' Kùrukùru bolẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo dúró. Ó tún pè mí. Mo dúró síbẹ̀. Mò ń retí ìpè kẹta."

Tina, mi ò ní láti ṣàlàyé èyí fún ọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú mi lè rí i. Nínú kùrukùru, Ìyá Igbó máa ń fi ohùn ẹni tí a fẹ́ràn pe ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kí ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá dáhùn kí ìpè tó pé, ó ti bá a lọ nìyẹn. Kí ọmọ Runcu tó mọ àdúrà ló ti mọ èyí.

Toader ní, "Kò pè mí mọ́. Mo ní, ṣé o rí i, Ìyá Igbó ni. Mo ń yọ̀ pé mi ò jẹ́ ìpè rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọlé, mo rí bàtà rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé ó ti kú?"

"Ó ṣì ń mí. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní àbẹ́là, Màámi, ta ló ń mú àbẹ́là lọ síbi iṣẹ́? Ìṣáná ni mo ní. Mo ń ṣá a, mo ń fi í sáàárín ìka rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má bọ́. Bí ọ̀kan bá ti fẹ́ kú, mo ti ṣá òmíràn. Páálí náà kò tíì tán tó fi lọ. Iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lọ."

Ó na ọwọ́ sí mi. Àpá iná wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e, ó ti funfun, ó ń dán. Mo ti rí ọwọ́ yẹn níbi ìsìnkú, ó fi aṣọ wé e. Mo rò pé ayùn ló gé e.

Òun ló bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n gbé e lọ sí etí títì. Ẹ̀rù ń bà á pé bí mo bá mọ ibi tí Valer kú sí, màá bi í pé níbo ni òun wà. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n gbà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá síbẹ̀ ní Sátidé. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn, òun ni. Ó gbọ́ nígbà tí mo ní ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bèèrè.

Mo gbé ọ̀pá mi sókè, Tina. Má gbà pé ẹni mímọ́ ni ìyá rẹ. Mo fẹ́ là á mọ́ ọn lórí, kò sì yẹ orí. Ọ̀pá náà wà lókè, mo bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ èmi ni Valer pè ńkọ́? Màámi, Màámi, lẹ́ẹ̀mejì, nínú kùrukùru. Èmi náà ì bá dúró. Ìwọ náà ì bá dúró. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo Runcu tí ì bá jẹ́ ẹ. Mo sọ ọ̀pá náà kalẹ̀. Mi ò dárí jì í, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá dárí jì í. Mo kàn sọ ọ́ kalẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo mú gbogbo wọn gòkè. Àlùfáà Ioachim ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn obìnrin olú gbé koliva, oúnjẹ ìrántí òkú, lórí, kò sí èyí tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn agégi gbé àgbélébùú láti etí afárá wá, wọ́n rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ó má baà di òfófó. Mo bi àlùfáà pé ṣé ìṣáná ń jẹ́ àbẹ́là. Ó ní, "Rafila, iná ni iná." Lẹ́yìn náà ló gba àbẹ́là Àjíǹde lọ́wọ́ mi, ó tàn án. Bí ó ṣe ń ka orúkọ Valer, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé láàárín igi, mo sì yà á. Fíìmù náà wà nínú àpò yìí. Má wá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mo ń bọ̀. Kùrukùru tún ti bo ibẹ̀. Mo dojú kọ inú igbó, mo sì pe ọmọ mi, nítorí láti ọdún kan mi ò tíì pe orúkọ rẹ̀ sókè rí. Mo ní, "Valer." Mo tún pè é. Mo wá pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn ni.

Mi ò mọ̀ pé Toader ò bá wọn lọ. Ẹ̀yìn igi ló wà. Òun ló jẹ́ ìpè mi. Ó ní, "Mo wà níbí, Màámi."

Ìyá rẹ,
Rafila